Ẹ má pe àwọn bàbá wa tó wà lóko ní òpè

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú o, ẹ sì kú làálàá ìwé ìròyìn tẹ́ ẹ̀ ń gbé jáde ní èdè abínibí wa, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rẹ̀ yín. Ọ̀rọ̀ kan ló wà níkùn mi tí mi ò lè gbé mì, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, tó bá gùn jù ẹ dákun ẹ fara dà á fún mi, torí ọ̀rọ̀ bàbá ẹni kì í ṣe ọ̀rọ̀ téèyàn ń sọ lórí ìdúró.

Láìpẹ́ yìí lẹ tẹ lẹ́tà ẹnì kan jáde nínú pépà yín, ó ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí kò jẹ́ kí ilẹ̀ Yorùbá tẹ̀ síwájú tó bó ṣe yẹ, ó wá ní àwọn bàbá wa tó wà lábúlé ló fà wá sẹ́yìn, pé òpè ni wọ́n, pé wọn ò mọ̀ ju kí wọ́n kó ìyàwó jọ kí wọ́n sì bímọ rẹpẹtẹ lọ. Mo kà á, mo tún un kà, inú mi ò dùn rárá. Mi ò mọ ẹni tó kọ ọ́, mi ò sì fẹ́ bá a jà, ṣùgbọ́n mo mọ bàbá kan tí kò rí bẹ́ẹ̀, irú wọn sì pọ̀ lọ súà lágbègbè wa, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ti wọn.

Bàbá tó bí ìyá mi ni. Bàbá Abà ni gbogbo àwa ọmọ-ọmọ ń pè wọ́n, torí kò sígbà téèyàn máa béèrè wọn nílé tí wọn ò ní sọ pé abà ni wọ́n wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ Ìbàdàn mọ bó ṣe máa ń rí, agboolé wà nígboro, abà wà lóko, tó bá di ọ̀rọ̀ ọdún tàbí ìgbéyàwó tàbí òkú wọ́n á wọlé wá, tó bá ti parí báyìí wọ́n ti gba oko lọ. Ilé làbọ̀ sinmi oko lóòótọ́, ṣùgbọ́n Bàbá Abà ò fẹ́ sinmi nílé ju ọjọ́ mélòó kan lọ, wọ́n á ní ariwo mọ́tò ò jẹ́ káwọn sùn. Ọ̀nà Akanran ni abà wọn wà. Wọn ò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, nígbà tá a fẹ́ tẹ káàdì àdúrà wọn a ṣírò títí, ohun tá a rí dì mú ni pé wọ́n ti ń dá oko tiwọn nígbà tí Ogun Hítílà parí lọ́dún 1945, la bá kọ ọ́ pé wọ́n lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, a fi í síbẹ̀.

Ìtàn tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ fún wa ni ti gígé kòkó. Láàárín ọdún 1940 sí 1950 àrùn kan wọ kòkó lágbègbè Ìbàdàn, ẹ̀ka kòkó á wú, igi á máa kú díẹ̀díẹ̀, ìjọba òyìnbó wá ní kò sí oògùn ẹ̀ àfi kí wọ́n gé igi náà dànù, ni wọ́n bá ń rán àwọn èèyàn wọnú oko olóko. Wọ́n á gé èyí tó ń ṣàìsàn, wọ́n á tún gé àwọn tó wà nítòsí ẹ̀. Bàbá tó bí wọn wà lára àwọn tí wọ́n gé kòkó wọn, Bàbá Abà ní ọjọ́ náà làwọn kọ́kọ́ rí omijé lójú bàbá àwọn. Àwọn àgbẹ̀ pariwo títí tí ìjọba fi dẹwọ́, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti gé ti lọ nìyẹn. Bàbá wa yìí, ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n nígbà yẹn, wọ́n kàn gbé àdá, wọ́n kọjá odò, wọ́n lọ ṣán igbó míì, wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kòkó yìí, torí ibẹ̀ lẹni tó pè wọ́n lópè ti ṣìnà jù. Kòkó kì í ṣe nǹkan téèyàn kàn ń jù sílẹ̀ táá hù. Wọ́n á kọ́kọ́ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i kó lè ríbi ìbòòji dúró sí, torí oòrùn tó bá pọ̀ jù á pa ọmọ kòkó, wọ́n á máa ro ó, wọ́n á máa dúró, ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so nǹkan gidi. Tí òjò bá pọ̀ èso á máa dúdú lórí igi, wọ́n á po oògùn aláwọ̀ aró yẹn, wọ́n á gbé pọ́ńpù kọ́ ẹ̀yìn, wọ́n á máa fín in láti ìdí igi kan sí òmíì. Bàbá máa ń sọ fáwọn ọmọ pé ẹ má fi àdá la kòkó, kùmọ̀ ni kẹ́ ẹ fi fọ́ ọ, torí tí àdá bá kan ọmọ inú ẹ̀, ibi tó ti ya yẹn ni bíbu á ti wọlé. Wọ́n á kó o sínú apẹ̀rẹ̀, wọ́n á fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó dáadáa, á máa gbóná nínú ibẹ̀, á máa ṣomi, wọ́n á yí i padà, tó bá tó ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà Bàbá á ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀, wọ́n á gbóòórùn ẹ̀, wọ́n á ní ó tó tàbí kò tó, wọn kì í wo aago. Lẹ́yìn ìyẹn sísá ló kù. Àwa ọmọdé tá a bá lọ lo họlidé lọ́dọ̀ wọn, iṣẹ́ wa ni ká máa ṣọ́ ojú ọ̀run, tí òjò bá ti ń ṣú pẹ́nrẹ́n gbogbo wa á máa sáré kó ẹní kòkó wọlé, ẹni tí òjò bá pa kòkó ẹ̀ ò ní gbàgbé ọjọ́ náà. Tí wọ́n bá fẹ́ mọ̀ pé ó ti gbẹ, wọ́n á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n á fún un ní ìfúnpọ̀ létí wọn, wọ́n á gbọ́ bó ṣe ń dún. Ìsípẹ́tọ̀ ìjọba tó ń yẹ kòkó wò á fi ọ̀bẹ la tiẹ̀ wò kó tó lè sọ̀rọ̀, kò sì sígbà kan tí mo gbọ́ pé wọ́n dá kòkó Bàbá Abà padà. Àwọn tó lọ yunifásítì lọ kọ́ ìmọ̀ ọ̀gbìn ló ń wá jókòó tì wọ́n lábẹ́ igi ọsàn, tí wọ́n ń béèrè ọ̀rọ̀, tí wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé òpè lèèyàn máa ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹ̀ ni?

Bàbá ò mọ̀wé kà o, mi ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ìṣirò. Ògiri yàrá tí wọ́n ń kó kòkó sí, ilà ẹfun ló kún ibẹ̀, ilà gígùn, ilà kúkúrú, èyí tí wọ́n dábùú ẹ̀. Ti àpò wà lọ́tọ̀, ti owó àwọn Àgàtú tó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ọdún wà lọ́tọ̀, ti èsúsú wà lọ́tọ̀, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n kà bí kò ṣe àwọn nìkan, nígbà tó yá wọ́n kọ́ ìyá mi náà. Lọ́dún kan ẹni tó ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn gbé òṣùwọ̀n wá, ó wọn kòkó, ó dárúkọ iye tó jẹ́, Bàbá ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin yẹn mú bírò jáde, ó ṣírò ẹ̀ lórí pépà, ó ní Bàbá kò mọ ìwé ni kò fi yé wọn. Bàbá ò jà, wọ́n kàn ní kí wọ́n lọ yá òṣùwọ̀n abà kejì wá, wọ́n tún kòkó wọ̀n níṣojú gbogbo èèyàn, ó jẹ́ iye tí ògiri sọ gẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ yẹn gbogbo abà tó wà nítòsí ló ń ránṣẹ́ sí Bàbá tí wọ́n bá fẹ́ ta kòkó, kí wọ́n wá dúró ti àwọn.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó àti ọmọ tẹ́ni yẹn sọ wá kù. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó méjì ni Bàbá ní, àwọn ọmọ sì pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ wa ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, Bàbá wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kó ọmọ wọn lọ, ọkùnrin àti obìnrin. Mùsùlùmí ni wọ́n, àwọn kan lágboolé sì ń sọ pé wọ́n máa yí àwọn ọmọ padà sí ẹ̀sìn ìgbàgbọ́ níbẹ̀, Bàbá ní àwọn á máa kọ́ wọn ní kéú nírọ̀lẹ́, kí wọ́n lọ kọ́ ìwé láàárọ̀, méjèèjì ò ní kí èkejì má wọ orí. Ìyá mi ka ìwé mẹ́fà, wọ́n lọ sí módà, wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà, owó kòkó ló san gbogbo ẹ̀ lẹ́yìn ibi tí ọ̀fẹ́ parí sí. Mo gbọ́dọ̀ fi kún un pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ló rí bẹ́ẹ̀. Àǹtí ìyá mi kan wà tí wọ́n fi sílẹ̀ kó máa ran ìyá ẹ̀ lọ́wọ́ lọ́jà, ó sì dùn wọ́n títí wọ́n fi dàgbà, wọ́n sọ ọ́ sí Bàbá lójú níṣojú gbogbo wa lọ́jọ́ ọdún Iléyá kan. Bàbá ò bínú, wọ́n dákẹ́, lẹ́yìn náà wọ́n ní òótọ́ ni. Kò tó oṣù díẹ̀ tí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù fún Àǹtí ní ojú títì, wọ́n sì sọ pé ọmọ Àǹtí ni wọ́n máa kọ́kọ́ rán lọ sí yunifásítì, wọ́n sì ṣe é. Bàbá mélòó lóde òní tí ọmọ lè sọ irú ẹ̀ sí lójú?

Owó àwọn bàbá yìí náà ni gbogbo ìlú fi ń ṣògo o, ẹ má gbàgbé. Bọ́ọ̀dù ìjọba tó ń ra kòkó nígbà náà ń yọ sílẹ̀ nínú owó tó yẹ àgbẹ̀, owó yẹn wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nǹkan ńláńlá ní ìwọ̀ oòrùn nígbà yẹn. Ilé Kòkó tó wà ní Dùgbẹ̀, àjà 26 tí wọ́n parí lọ́dún 1965, orúkọ ẹ̀ nìkan ti tó. Bàbá kì í kọjá níbẹ̀ kí wọ́n má gbójú sókè, wọ́n á ní àpò àwọn wà níbẹ̀ o, ìyẹn tí wọ́n bá wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú àwa ọmọ-ọmọ wọn. Nígbà tí iná jó o lọ́dún 1985 ó dùn wọ́n gan-an, ṣe ni wọ́n ń ṣe bí ẹni pé ilé àwọn ló jó.

Ibi tí mo tún fẹ́ kí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn tẹ́tí sí dáadáa ni ti Àgbẹ́kọ̀yà, ìjà tí àwọn àgbẹ̀ bá ìjọba jà lórí owó orí. Owó kòkó ti wálẹ̀, owó orí ò wálẹ̀, wọ́n tún ń gbé owó míì lé e, akódà àti olópàá á ya wọ abà láàárọ̀ kùtù, wọ́n á máa lé àwọn ọkùnrin kiri inú igbó, wọ́n á máa dójú ti àwọn ìyá níṣojú ọmọ wọn. Kí ni òpè máa ṣe nírú ìgbà yẹn? Òpè á san án, á máa sunkún. Àwọn bàbá wa ò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń ṣèpàdé láti abà dé abà, wọ́n fi ẹnu kò, wọ́n ní òkè mẹ́fà làwọn máa san, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, àwọn ò ní san kọ́bọ̀ lé e. Láti ìparí ọdún 1968 títí wọ inú 1969 nǹkan gbóná ní Ìbàdàn àti agbègbè ẹ̀, ẹ̀mí lọ lọ́tùn-ún lósì, ìjọba ológun ló wà lóde nígbà yẹn, ogun abẹ́lé sì ń jà lọ́wọ́ ní ìlà oòrùn. Gbogbo ayé ló mọ orúkọ Tàfá Adéoyè tó jẹ́ olórí wọn ní Akanran. Bàbá Abà kì í ṣe olórí, wọn ò sì fìgbà kan sọ fún wa pé àwọn gbé ìbọn, ohun tí wọ́n sọ ni pé àwọn wà ńbẹ̀, àwọn sùn sínú igbó, àwọn ìyàwó àwọn ló ń gbé ẹ̀kọ àti ẹ̀wà gba ọ̀nà ẹ̀yìn wá fáwọn. Tí wọ́n bá dé ibi tí wọ́n ti fẹ́ dárúkọ àwọn tó kú wọ́n á dákẹ́, a ò sì ń béèrè mọ́. Olóyè Awólọ́wọ̀ fúnra ẹ̀ ló wá sí Akanran lọ́dún 1969 wá bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀, owó orí sì wálẹ̀ sí pọ́ùn méjì. Àwọn tí kò mọ̀wé ló ṣe ìyẹn. Àwọn tó mọ̀wé wà nígboro, wọ́n ń gbádùn ẹ̀ náà.

Ohun tí kì í jẹ́ kí n lè gbọ́ kí wọ́n pe bàbá yìí lópè ni pé ọ̀rọ̀ ayé ò sú wọn. Wọ́n máa ń ra ìwé ìròyìn Yorùbá! Ẹni tí kò mọ̀wé kà. Wọ́n á fún awakọ̀ tó ń ná ọ̀nà Akanran lówó pé kó bá àwọn rà á bọ̀, tá a bá débẹ̀ wọ́n á ní, "Àṣàkẹ́, wá kà á fún mi, má fo ibì kankan o." Mo máa kà á láti orí ẹ̀ dé ìdí, pẹ̀lú ìpolówó ọjà, pẹ̀lú àwọn tó ń dágbére fún òkú wọn. Tí mo bá ṣi ohùn pè wọ́n á ní kí n padà sẹ́yìn. Wọ́n á bá olóòtú jiyàn lórí ìjókòó wọn níbẹ̀, wọ́n á ní èyí tẹ́ ẹ sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀, àwọn wà níbẹ̀. Ibẹ̀ lèmi ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ka Yorùbá lóhùn, kì í ṣe ní sùkúù, torí ní sùkúù tiwa ẹni tó bá sọ Yorùbá ni wọ́n ń nà.

Nígbà tí ìjọba Babangida fòpin sí bọ́ọ̀dù kòkó lọ́dún 1986, owó kòkó fò sókè lójijì, onírúurú èèyàn tí kò rí igi kòkó rí bẹ̀rẹ̀ sí í gbé owó wá sí abà láti wá ra ohunkóhun tí wọ́n bá rí, tútù o, bíbu o, wọ́n ń kó o lọ. Àwọn kan ń ta èyí tí kò gbẹ torí ó ń wúwo lórí òṣùwọ̀n. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Àwọn ọmọ wọn ọkùnrin ń bínú, wọ́n ní gbogbo èèyàn ló ń ṣe é, Bàbá ní àwọn ò ní fi orúkọ àwọn sínú àpò kòkó tútù. Mi ò mọ iye owó tí wọ́n pàdánù níbẹ̀, ó máa pọ̀.

Ohun kan tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa tí mo ń dúpẹ́ lé lórí lójoojúmọ́ ni ààlà oko. Lọ́dọọdún tí gbogbo wa bá pé, wọ́n á kó wa jáde láàárọ̀, wọ́n á mú wa yí gbogbo ilẹ̀ náà ká, láti pèrègún kan sí pèrègún kejì, wọ́n á ní ibí ni tiwa parí sí, lọ́hùn-ún yẹn ti lágbájá ni, ọmọ ẹ̀ wà ní ibi báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́fà á fọwọ́ kan pèrègún, ìyàwó ilé náà á fọwọ́ kàn án. A máa ń ráhùn pé oòrùn ń pa wá. Nígbà tí ìlú Ìbàdàn wá ń fẹ̀ bọ̀ lọ́nà wa, tí àwọn tó ń ta ilẹ̀ dé pẹ̀lú ìwé oríṣiríṣi, gbogbo wa, àtẹni tó wà ní Èkó àtẹni tó wà ní London, ló lè dúró kó tọ́ka sí ààlà láìṣì í. Ẹjọ́ yẹn ò pẹ́ rárá.

Wọ́n kú nígbà ọyẹ́, àìsàn wọn ò gùn. A sin wọ́n lọ́jọ́ náà bí ẹ̀sìn wọn ṣe sọ, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni ò fi rí fọ́tò wọn nínú ìwé ìròyìn kankan. Lọ́jọ́ fìdáù ọjọ́ kẹjọ la wá mọ irú èèyàn tá a ní. Àwọn Àgàtú tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ rí wá, àwọn kan ti ọ̀nà jínjìn wá, ọ̀kan nínú wọn tó ti di bàbá àgbà fúnra ẹ̀ dìde, ó fi Yorùbá Ìbàdàn tó dán mọ́rán sọ pé lọ́dún tí kòkó ò ṣe dáadáa, Bàbá ta màlúù Iléyá wọn kí wọ́n lè san owó òun pé, kí òun má baà délé lọ́wọ́ òfo. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú ẹbí wa. Ìyá mi ò lè dìde lórí àga.

Oko ṣì wà o. Bùọ̀dá ìyá mi tó kéré jù ló wà ńbẹ̀ báyìí. Ó ti tó ìgbà mélòó kan tí àwọn kan nínú ẹbí ní ká gé kòkó yẹn ká pín ilẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, torí àwọn igi ti gbó. Nígbà tó di ọdún 2024 tí kòkó ò ṣe dáadáa ní Ghana àti Ivory Coast, tí owó ẹ̀ lọ́jà àgbáyé kọjá dọ́là 10,000 lórí tọ́ọ̀nù kan, àwọn náà ló tún ń pè lórí fóònù pé báwo ni oko. Èmi ò fẹ́ tà á yálà owó ẹ̀ wálẹ̀ tàbí ó lọ sókè, mo sì ti sọ ọ́ fún wọn nípàdé ẹbí.

Olóòtú mi àtàtà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kẹ́ ẹ fi ààyè díẹ̀ sílẹ̀ nínú pépà yín, kò báà jẹ́ igun kan lóṣù, fún àwọn tí bàbá wọn tàbí ìyá wọn ṣe àgbẹ̀, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n mọ̀ nípa wọn ránṣẹ́. Àwọn tó wà ní Akanran nígbà Àgbẹ́kọ̀yà ò pọ̀ mọ́, àwọn tó rí gígé kòkó tiẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tí tiẹ̀ bá ṣì wà láyé, kó gbé fóònù ẹ̀ lọ bá wọn, kó gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹni tó kọ lẹ́tà tó mú mi kọ tèmi yìí náà, tó bá fẹ́, kó gba ọ́fíìsì yín kàn sí mi, àsìkò kòkó ń bọ̀ lóṣù kẹwàá, màá mú un lọ sí abà wa, àwọn àgbà tó kù níbẹ̀ á bá a sọ̀rọ̀, wọn ò ní bínú sí i.

Ẹ ṣé gan-an o.

Èmi ni tiyín,
Àṣàkẹ́, ọmọ-ọmọ Bàbá Abà,
Ìbàdàn.